Ohun tí kò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, kò ṣẹlẹ̀: sí ẹ̀yin lọ́yà tó ń bọ̀ lẹ́yìn

Ẹ̀yin àbúrò mi nídìí iṣẹ́ òfin, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀kan nínú yín gbé ìwé kòtẹ́milọ́rùn wá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n gbére fún oníbàárà rẹ̀ pé ó bá ọmọdé lòpọ̀. Ìdí àkọ́kọ́ tó kọ síbẹ̀ ni pé ìdájọ́ náà lòdì sí ìwọ̀n ẹ̀rí. Mo wo ìwé, mo wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ gbèsè nìyẹn! Láti 1955 tí Privy Council, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, ti dá ẹjọ́ Aladesuru ni wọ́n ti sọ fún wa pé bó bá ti di ẹjọ́ ọ̀daràn, ohun tí à ń kọ ni pé ìdájọ́ náà kò bọ́gbọ́n mu, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò sì lè gbé e dúró. Wọn ò tíì bí bàbá ẹni tó gbé ìwé yìí wá nígbà náà.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Mo pẹ́ lẹ́ka ìpẹ̀jọ́ ọ̀daràn ní ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ kan kí n tó jáde dá dúró, nítorí náà mo ti bá ìjọba pe irú ẹjọ́ yìí, mo sì ti gba ẹjọ́ rò fún àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn. Mi ò ní kọ́ yín ní ohun tí òfin pè ní ìfipábánilòpọ̀. Ẹ ti ka ìyẹn ní Law School.

Èkínní ni ọjọ́. Abala 24 nínú òfin ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní 90 ọjọ́. Ọjọ́ tí adájọ́ ka ìdájọ́ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí akọ̀wé kọ́ọ̀tù bá rójú fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ fi ìdí kan ṣoṣo pe ẹjọ́ náà ná. Bí rẹ́kọ́ọ̀dù, ìyẹn ìwé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kọ́ọ̀tù tó dá ẹjọ́ náà, bá dé, ẹ ó tọrọ àyè láti fi ìyókù kún un. Láti kòtẹ́milọ́rùn lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, 30 ọjọ́ péré ni. Ẹ fi 30 yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Èkejì ni béèlì. Abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ wa tí ẹ fẹ́ràn láti máa ké lójú adájọ́, pé aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lẹni tí wọn ò tíì dá lẹ́bi, kò wúlò mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a lẹ́bi. Àìsàn tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ò lè tọ́jú, tàbí ẹ̀wọ̀n kúkúrú tó lè tán kí ẹjọ́ tó tán, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló lè mú kí wọ́n dá yín lóhùn. Ẹni tó gba gbére, ẹ má fi béèlì tan ẹbí rẹ̀ jẹ, pàápàá bí ẹ bá ti gbowó lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rí ọmọdé, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì wà.

Nígbà tí mo ṣì ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, wọ́n gbé fáìlì kan fún mi pé kí n lọ dáàbò bo ìdájọ́ tí a ti gbà ní ilé ẹjọ́ gíga. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án ni. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe nínú ọgbà tí wọ́n ń gbé ni olùjẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ gíga ti jù ú sẹ́wọ̀n gbére. Ẹni tó pe ẹjọ́ náà lórúkọ ìjọba sọ fún mi pé kò sí wàhálà níbẹ̀, pé bí ẹni ń jẹ ẹ̀kọ ni. Mo gbé rẹ́kọ́ọ̀dù lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Mo kà á dé ibi ẹlẹ́rìí kejì. Ohun tí adájọ́ kọ ni pé: obìnrin ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó fi Bíbélì búra, Yorùbá ló ń sọ. Ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. Ó ní kọ́tìnì aláwọ̀ ewé ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó ní ọkùnrin náà fún òun ní àádọ́ta náírà lẹ́yìn tó ṣe é tán, ó ní òun fi ra gúgúrú, àmọ́ òun ò lè jẹ ẹ́. Mo gbà á gbọ́. Adájọ́ tó rí i lójú kòrókòró gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 209. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 14, wọn kì í búra fún un. Adájọ́ ní láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lóye tó, bóyá ó mọ̀ pé dandan ni kí òun sọ òótọ́. Kí lorúkọ rẹ? Ilé ìwé wo lò ń lọ? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó bá purọ́? Ìbéèrè mélòó kan péré, kí adájọ́ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú èsì wọn, kí ọmọ wá sọ tẹnu rẹ̀ láìbúra. Lẹ́yìn èyí, òfin yẹn kan náà ní a ò lè torí ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ wà tó kín in lẹ́yìn, tó sì nàka sí olùjẹ́jọ́ gan-an. Bó bá ti pé ọdún 14, yóò búra bí àgbà, dandan yẹn ò sì sí mọ́. Olùpẹ̀jọ́ tó wà lórí ìdúró lọ́jọ́ yẹn mọ òfin yìí. Kó kàn tẹríba, kó rán adájọ́ létí, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí tó kín in lẹ́yìn. Ìyá ọmọ náà jẹ́rìí, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ sọ fún un ló sọ, ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ nìyẹn. Dókítà tó yẹ ọmọ náà wò ti lọ sí ìlú Ọba, ọlọ́pàá ló wá fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ìwé náà sọ pé wọ́n ti ba ọmọ náà jẹ́. Kò sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ìwé dókítà kì í sì í sọ ẹni tó ṣe é. Ìwé tí wọ́n ní olùjẹ́jọ́ fi jẹ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, adájọ́ fúnra rẹ̀ ti dà á nù, nítorí ọlọ́pàá tó gbà á sílẹ̀ kò yọjú sí kọ́ọ̀tù.

Mo wá padà sínú fáìlì tiwa, kì í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kọ́ọ̀tù. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí ìyá alákàrà kan sọ fún ọlọ́pàá. Ó ní òun ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà, òun rí ọmọ yìí tó jáde láti yàrá ọkùnrin náà tó ń sunkún, tí kò lè rìn dáadáa, òun sì bi ọkùnrin náà léèrè, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Ohun tí abala 209 ń wá gan-an nìyẹn. Wọn ò pè é! Olùpẹ̀jọ́ ti ẹnu ẹjọ́ tirẹ̀ láì pe obìnrin náà, nítorí ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ ti tó.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ìwé ìyá alákàrà wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì lè lò ó. Ohun tó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan ni kòtẹ́milọ́rùn ń kà. Ẹ̀rí tuntun tí ìwọ ì bá ti mú wá tẹ́lẹ̀ bí o bá ṣaápọn, wọn kì í gbà á wọlé.

Mo dúró níwájú àwọn adájọ́ mẹ́ta. Mo ní bí ọmọ náà tilẹ̀ búra, kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí èyí tí a sọ láìbúra, kí wọ́n má ṣe dà á nù. Wọ́n gbà. Èyí tó wà láàárín wá béèrè pé, "Ẹ̀rí tó kín in lẹ́yìn ńkọ́? Ojú ìwé wo ló wà?" Mo ní Olúwa mi, ìwé dókítà. Ó ní ìwé dókítà dárúkọ olùjẹ́jọ́ ni? Mo bẹ̀ ẹ̀bẹ̀ kejì, mo gbé ẹjọ́ Abodundu ti 1959, tó sọ ìgbà tí a lè tún ẹjọ́ gbọ́, síwájú wọn pé kí wọ́n dá ẹjọ́ náà padà kí a tún un gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí tó kù kò lágbára tó, pé kọ́ọ̀tù kì í fún olùpẹ̀jọ́ láyè ẹ̀ẹ̀kejì kó lè wá dí ihò tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀. Wọ́n dá ọkùnrin náà sílẹ̀ lómìnira.

Ìyá ọmọ náà dá mi dúró níta. "Lọ́yà, ṣé wọ́n ní ọmọ mi purọ́ ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Kí wá ni wọ́n ní?" Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin, ẹ bá mi ṣàlàyé abala 209 fún un.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ̀wé sí ọ̀gá pé kí a gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ẹ rántí 30 yẹn. Fáìlì náà wà lórí tábìlì. Bí mo bá béèrè, wọn á ní "à ń wò ó." Wọ́n ń wò ó títí ọjọ́ fi tán. Ẹni tó pe ẹjọ́ náà nílé ẹjọ́ gíga ti di ẹni ńlá báyìí, ó ń lọ káàkiri kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn. Mo ti jókòó sẹ́yìn gbọ́ ọ rí. Kò mẹ́nu ba ìyá alákàrà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ yéé rò pé ọjọ́ ìdájọ́ ni iṣẹ́ yín tán. Ọjọ́ tí ọmọdé bá gun ibi ìjẹ́rìí ni ẹ ti ń rojọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bí adájọ́ bá fẹ́ fo ìbéèrè abala 209, ẹ dìde. Bí inú bá bí i, kó bí i. Ẹ pe gbogbo ẹlẹ́rìí tó rí nǹkan kan, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò mọ̀wé, ìbáà jẹ́ ẹni tí ẹ ní láti wọ mọ́tò lọ wá ní abúlé. Dókítà tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ tètè mú un wá kó tó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèjà olùjẹ́jọ́, ẹ má rò pé ẹ̀yìn àwọn ọ̀daràn nìkan ni mo ní kí ẹ wà. Mo ti rí ẹjọ́ tó jẹ́ pé ìjà ilẹ̀ láàárín ẹbí ló bí i. Ẹ rántí dókítà tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ní Ìkẹjà ní oṣù Kẹwàá 2023. Kí 2024 tó parí, kòtẹ́milọ́rùn ti dá a sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo lórí rédíò, yálà wọ́n bínú tàbí wọ́n ń jó, wọn ò ka ojú ìwé kan nínú rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ó ku ọ̀rọ̀ iye ọdún ẹ̀wọ̀n, tí ẹ sábà máa ń fi ṣe àfikún lásán sí ìparí ìwé yín. Òfin VAPP ti 2015, ìyẹn òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa ti sọ di tiwọn, fi ìyà ìfipábánilòpọ̀ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ọdún 12 ni àgbàlagbà lè gbà tó kéré jù, láìsí owó ìtanràn. Ibi tí adájọ́ yóò dúró láàárín méjèèjì, ohun tí ẹ bá sọ fún un kó tó kéde ìyà ló ń wò. Bí ẹ bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kí lẹ fẹ́ wí fún àwọn adájọ́ mẹ́ta ní kòtẹ́milọ́rùn? Kò sì sí ẹni tó sọ pé dídínkù nìkan ni wọ́n lè dín in kù. Òfin gba kòtẹ́milọ́rùn láyè láti fi kún un. Oníbàárà tó gba ọdún 14, tó ní kí ẹ bá òun pe ẹjọ́ lórí iye ọdún nìkan, ẹ sọ èyí fún un lójú ara rẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, kì í ṣe lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Kó sọ pé òun gbọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ fi ìwé sílẹ̀.