Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Mo Tún Ti Lè Dọ̀bálẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tá a jọ ń gba Tákíè kọjá lọ síléèwé láyé ọjọ́un, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo wọ Ogbómọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo sì fi rìn wọ agboolé wa. Ẹni tó bá rí mi lọ́dún méjì sẹ́yìn ló lè mọ ìdí tí mo fi ń pariwo ẹsẹ̀.

Básíkẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá ti sọ ọ́ báyìí, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé ṣé mo ti pàdé Hakeem Olajuwon. Mi ò pàdé ẹ rí o! Ìgbà tó gba ife NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì ńlá ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Houston Rockets ní 1994 àti 1995, wọn ò tíì bí mi. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń fi eré yìí jẹun, kíláàbù kéékèèké la wà, àdéhùn oṣù mẹ́sàn-án, nígbà míì oṣù mẹ́ta péré. Tí sáà bá parí, o tún di ẹni tó ń wáṣẹ́.

Òpó tá a fi kọ́ ọ níléèwé wa kò ga tó mítà 3.05 tí òfin sọ, kò sì ní àwọ̀n. A máa ń fò, ọwọ́ wa á kan irin, a rò pé a ti dé ibi tá à ń lọ. Ọjọ́ tí mo dé pápá gidi l'Ékòó, mo fò, afẹ́fẹ́ ni mo gbá mú.

Ẹ jẹ́ n dé ibi ọ̀rọ̀ wà. Kíláàbù kan ní Ìlà-Oòrùn Yúróòpù ni mo wà nígbà yẹn. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ ìlú náà, torí ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá fún mi nínú yìnyín, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú ìlú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, owó ń wọlé. Oṣù kẹrin, wọ́n ní báńkì ló fà á. Nígbà tó yá, wọn ò tiẹ̀ ṣe àwáwí mọ́. Ó wá di oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, mo fò gba bọ́ọ̀lù kan, mo balẹ̀, orúnkún òsì mi ṣe "pá!" Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Dókítà wọn ní ó kàn wú ni, ó gbé omi dídì lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n tó yà á wò: okùn tó so egungun itan mọ́ ti ojúgun, èyí tí wọ́n ń pè ní ACL, ti já pátápátá. Wọ́n gé nínú iṣan ẹ̀yìn itan mi fi ṣe òmíràn, wọ́n ní kí n má ronú eré fún oṣù mẹ́sàn-án ó kéré tán.

Kíláàbù kọ lẹ́tà onílà mẹ́rin sí mi pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbá ní orílẹ̀-èdè mìíràn sì gbọ́dọ̀ gba Letter of Clearance, ìwé ìyọ̀ǹda, lọ́wọ́ àjọ básíkẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè tó ń fi sílẹ̀. Wọ́n ní bí mi ò bá fọwọ́ sí i pé wọn ò jẹ mí ní kọ́bọ̀, àwọn á sọ fún àjọ náà pé mo ṣì wà lábẹ́ àdéhùn. Ẹ gbọ́ ná: àwọn tó lé mi náà ló ń sọ pé tiwọn ni mí!

Orí ọ̀pá ìtilẹ̀ ni mo wà tí mo fi délé. Bàbá mi, télọ̀ ni wọ́n, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún kọ̀, kò ká. Wọ́n wò mí títí, wọ́n fa ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí jáde, wọ́n yọ pẹ́ńsù létí, wọ́n kọ orúkọ mi sí i. "Ìdọ̀bálẹ̀ kan. Wàá san án." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún.

Àwọn kan ní wọ́n dá mi padà ni. Àwọn mìíràn rí ọ̀pá lábẹ́ abíyá mi, wọ́n ṣì ní, "Ẹ ò mú nǹkan bọ̀ fún wa?" Ìlú tí wọ́n ti ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan ni tiwa, màmá mi ò sì jẹ́ kí oríkì yẹn bà jẹ́ lórí mi. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi á ká aṣọ ìnura sábẹ́ gìgísẹ̀ mi, á ní kí n tẹ orúnkún mọ́lẹ̀, kí n kà á dé mẹ́wàá. Bí mo bá dé mẹ́fà, omijé á ti dé àgbọ̀n mi.

Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà kan tá a jọ gbá ló pè mí lórí fóònù: "Ṣé BAT wà nínú àdéhùn rẹ?" Mo ní àdán kẹ̀? Ó ní Basketball Arbitral Tribunal ni, ní Geneva, tó ti ń dá ẹjọ́ owó láàárín eléré àti kíláàbù láti 2007. Bí àdéhùn rẹ ò bá sọ pé ibẹ̀ lẹ máa gbẹ́jọ́ lọ, wọn ò ní gbọ́ ọ. Mo ṣí tèmi. Ojú-ewé keje, ibi tí mi ò kà kí n tó fọwọ́ sí i, ó wà níbẹ̀! Ta ló fi síbẹ̀ bí kì í bá ṣe Ọlọ́run? (Ẹ̀yin ọmọdé tó ń lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka tiyín.)

Mi ò fẹsẹ̀ kan Geneva. Ìwé la fi rojọ́, adájọ́ kan ṣoṣo ló dá a. Àlàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló fi owó kajú tó tà lọ́dún náà san owó ẹjọ́, kò sì bi mí ní ìgbà tí màá dá a padà. Wọ́n dá mi láre. Kíláàbù tí kò bá san ohun tí BAT dá, FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, lè ní kó má gba eléré tuntun mọ́, ìyẹn ló sì mú wọn san án, ní ìdá méjì. Ìwé ìyọ̀ǹda náà jáde. Sáà tó parí yìí, Pọ́túgà ni mo ti gbá a dópin, owó mi sì ń wọlé lóṣooṣù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, a ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Baptist wa. Àlàájì ní ìjókòó iwájú ni tòun, kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tí mo délé, bàbá mi ń gé aṣọ lọ́wọ́. Mo ju báàgì sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àwọn àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀, àyà mi kan sìmẹ́ńtì. Wọn ò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ìwé, ojú-ewé lẹ́yìn ojú-ewé, wọ́n ń wá ibi tí orúkọ mi wà. Wọ́n fa ìlà gbọọrọ lórí ẹ̀, wọ́n wá ní kí n dìde, kí n wá ka iye ọjọ́ tí mo fi pẹ́ sanwó.