"Ìrìn ni àbí iṣẹ́?": ohun tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé kọ́ mi nípa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra

Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá mi ní Ṣómólú, nílùú Èkó, nígbà tí ọkùnrin kan wọlé wá bá wa ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan tòun ti ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ló kó ẹ̀dà 300 lọ. Kò pariwo. Ó ṣí ìwé náà sí àárín, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìlà kan mọ́lẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi ka ibí yìí."

Mo kà á: "Internment follows immediately after the service." N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó ní kí n tún un kà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta, n kò rí nǹkan kan. Ó wá bi mí pé, "Ṣé àtìmọ́lé lẹ fẹ́ kí wọ́n gbé màmá mi lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Ara mi tutù wọlẹ̀. "Interment" ni ìsìnkú, kí a gbé òkú sínú ilẹ̀. "Internment" ni kí ìjọba kó ènìyàn sí àgọ́ àtìmọ́lé láìṣẹjọ́, irú èyí tí Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn ènìyàn ìran Japan láti ọdún 1942, tí wọ́n kó nǹkan bí 120,000 kúrò nílé wọn lọ sí àgọ́ tí ṣójà ń ṣọ́. Lẹ́tà "n" kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì, èmi ni mo sì tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé ọwọ́ mi ṣèèṣì kàn án. Bí mo ṣe mọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Mo ti tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìdílé púpọ̀ ṣáájú wọn, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

A kò sùn lóru ọjọ́ náà. A yọ pín-ìn-nì lára gbogbo 300, a fa ìwé àárín jáde, a tẹ òmíràn, a ṣẹ́ ẹ po lẹ́yọ lẹ́yọ, a tún fi pín-ìn-nì dè é. Owó pépà àti owó pléètì tuntun, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, inú owó oṣù mi ni ọ̀gá mi ti yọ ọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìdájí, ọkùnrin náà wá kó ẹrù rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọpẹ́ yẹn dùn mí ju owó lọ.

Nígbà tí mo yá ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ ọmọ ọ̀gá mi lọ́jọ́ kejì, mo rí i pé inú èdè Látìn ni "inter" ti jáde, pé "terra", ìyẹn ilẹ̀, ló wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ la sin màmá sí. "Internment" ní tirẹ̀ ti ara "intern" jáde, kí a ti ènìyàn mọ́ inú ibì kan. Láti ọjọ́ tí mo ti rí ilẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, n kò ṣì í tẹ̀ mọ́.

Ohun tó mú kí irú àṣìṣe yìí le ni pé kọ̀ǹpútà kì í bá wa mú un. Bí mo bá tẹ "intarment", ìlà pupa á yọ lábẹ́ rẹ̀ kíá. Ṣùgbọ́n ojúlówó ọ̀rọ̀ ni "internment", kọ̀ǹpútà á kàn yọ̀ǹda kó kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "alter" àti "altar". Mo ti rí káàdì ìgbéyàwó tó ní wọ́n ń mú ìyàwó lọ sí "alter", tó túmọ̀ sí kí a yí nǹkan padà, níbi tó yẹ kó jẹ́ pẹpẹ. Etí kò lè gbà wá níbẹ̀, nítorí bákan náà ni méjèèjì ń dún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó ṣì wá lọ́nà láti kékeré. Nílé ìwé, méjì-méjì ni wọ́n máa ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí sójú pátákó, "principal" lẹ́gbẹ̀ẹ́ "principle", wọ́n á ní ká há wọn sórí. Ohun tó ń kù sí wa lórí ni pé méjèèjì jọra. Èwo ni ọ̀gá ilé ìwé, èwo ni ìlànà, ìyẹn kì í kù. Ẹ wo bí a ṣe mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Kò sí ẹni tó jókòó tì wá, tó kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọkọ́ wà lóko, ọkọ̀ wà ní títì, ibi tí a ti bá kálukú pàdé la ti mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má kọ́ wọn ní méjì-méjì. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ so ó mọ́ gbólóhùn kan tí ẹ ń rí lójoojúmọ́, kó di tiyín pátápátá kí ẹ tó yà sí èkejì. Èmi, ìwé èsì ìdánwò tí à ń tẹ̀ fún àwọn ilé ìwé ni mo fi mọ "principal". Nísàlẹ̀ rẹ̀, "Principal's Signature" ló máa ń wà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n jù mí lọ, n kì í tilẹ̀ rántí ìkejì rẹ̀ nígbà tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo ṣe sí "lying in state" náà nìyẹn, ìyẹn kí a tẹ́ òkú síta kí àwọn ènìyàn wá wò ó, nítorí tiẹ̀ le gan-an. Ọ̀pọ̀ pósítà òkú ló ń gbé "laying" jáde. "Lie" ni kí ènìyàn dùbúlẹ̀, "lay" ni kí a tẹ́ nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan dùbúlẹ̀ lánàá, "lay" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Mo rò ó títí ó sú mi. Mo wá gba odidi "lying in state" gẹ́gẹ́ bí orúkọ kan, bí ẹni gba orúkọ àdúgbò, n kò tú u wò mọ́.

Nígbà tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀, màmá kan pè mí lórí fóònù. Wọ́n fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 70 ọdún, wọ́n sì fẹ́ kí àkọlé ìwé ìrántí wọn jẹ́ "My wọ́ọ̀kì with God". Mo tẹ "My Work with God". Ó bá a mu lójú mi, nítorí díákónẹ́ẹ̀sì ni màmá, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sin ìjọ. Mo ti fẹ́ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá wa ṣe pléètì nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin Ọjọ́bọ̀ yẹn sọ sí mi lọ́kàn. Mo pe màmá padà, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé iṣẹ́ tí ẹ bá Ọlọ́run ṣe ni àbí ìrìn tí ẹ bá Ọlọ́run rìn?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìrìn ni, ọmọ mi. Iṣẹ́ wo ni èmi lè bá Ọlọ́run ṣe?"

"Walk" ni wọ́n ń sọ. Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì bá dún bákan náà létí mi, n kì í ní kí oníbàárà pe lẹ́tà rẹ̀ fún mi, nítorí ó ṣeé ṣe kí òun náà ṣì í pè. Mo máa ń bi wọ́n ní Yorùbá pé kí ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìsìnkú àti àtìmọ́lé kò jọra rárá. Pẹpẹ kò jọ ìyípadà, iṣẹ́ kò sì jọ ìrìn. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lọ́ wọn pọ̀, Yorùbá ti tú wọn sílẹ̀ fún wa tipẹ́.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìwé tí wọ́n kọ nílùú Ọba nìkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ra ọ̀kan. Ó dára, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu kan "walk" àti "work", nítorí lẹ́nu àwọn tó kọ ọ́, méjèèjì kò jọra. Ẹnu àwa ni wọ́n ti ń di ọ̀kan. Yorùbá kò ní ìró "v", kò ní "z", kò ní ìró tí "th" ń gbé jáde. Ìdí nìyí tí "van" àti "fan" fi ń pàdé lẹ́nu wa, tí "three" fi ń di "tree", ìyẹn igi. "Bus" àti "boss", bọ́ọ̀sì ni méjèèjì. "Cut" àti "court", kọ́ọ̀tù ni lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ti gba iṣẹ́ pósítà ọjà tó ní "affordable prizes", ìyẹn ẹ̀bùn tí apá ká, nígbà tó jẹ́ pé iye owó, "prices", ni olówó ọjà ń sọ. Mo ti rí lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí ọmọkùnrin kan kọ pé òun "leave in Lagos". Èkó ló ń gbé. Ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ lè rò pé ó ń kúrò níbẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ ara yín bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ kọ èyí tó ń di ọ̀kan lẹ́nu yín sílẹ̀. Ìwé tiyín nìyẹn, ẹlòmíràn kò lè kọ ọ́ fún yín.

Ibì kan wà tí bíbéèrè ní Yorùbá kò ti tó, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀, mo yá a lówó: ọ̀rọ̀ kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì ní "borrow" fún ẹni tó gbà á, "lend" fún ẹni tó fún un. Mo kọ́ṣẹ́, mo kọ́ ọmọ níṣẹ́: "learn" nìyẹn, "teach" nìyí. Wọn kò jọra lójú ìwé, àwa la fi wọ́n ṣe ìbejì. Níbẹ̀, ohun tí a óò béèrè ni ọ̀dọ̀ ta ni nǹkan ti kúrò, ọ̀dọ̀ ta ni ó sì lọ.

Àwọn yòókù tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa lemọ́lemọ́ kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Káàdì kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù sí, "complimentary" ni, "i" ló wà láàárín rẹ̀, torí ìkíni àti ìyìn ni. Èyí tó ní "e" ni ohun tó ń mú nǹkan pé, bí "e" ṣe wà nínú "complete". Ẹni tó ń ta ìwé àti bírò ni "stationer", ọjà rẹ̀ ni "stationery". Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, òǹtàwé tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú kan, tí kì í kiri, ni wọ́n fún ní orúkọ yẹn, ìyẹn ló fi bá "stationary", ohun tó dúró sójú kan, tan.

"Flour" àti "flower" ni mo fẹ́ràn jù láti sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi, pàápàá bí ojú bá ń tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Èyí tó kúnná jù nínú ìyẹ̀fun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní òdòdó rẹ̀. Nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1755, kò tíì yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí àwọn tó ni èdè bá lè fi ọ̀rọ̀ kan pe ìyẹ̀fun àti òdòdó di ìgbà yẹn, ọmọ Ṣómólú tó ṣì wọ́n tẹ̀ kì í ṣe olódo.

Lọ́dọ̀ mi nísinsìnyí, ẹni tó tẹ iṣẹ́ kọ́ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Orí pépà la máa ń tẹ pírúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àyẹ̀wò, sí, a kì í kà á lójú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan á mú ìwé tí oníbàárà fọwọ́ kọ dání, ẹnì kejì á máa ka pírúùfù sókè. Bó bá kan ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé àṣìṣe wa, á pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kìkì èyí tó ti ṣì wá lọ́nà rí ló ń wọ ìwé yẹn, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. N kì í sì gba "OK" orí WhatsApp mọ́. A óò fi ojú ìwé 16 ránṣẹ́, "OK" á ti dé kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ta ló kà á? Ẹni tó ń ṣòfò kò ní ojú tó fi ń wá lẹ́tà kan. Mo máa ń pè wọ́n, mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ka orúkọ olóògbé, ọjọ́ àti ìlà ìsìnkú sí mi létí.

Ẹyọ kan nínú ìwé àárín tí a fà yọ lóru ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú dúróà mi. Lọ́jọ́ tí ọmọṣẹ́ tuntun bá kọ́kọ́ wọlé, mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ìlà yẹn, máa ní kó kà á fún mi. Èyí tó dé ní oṣù tó kọjá kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.