Bí mo ṣe ń mú ìró àwọn tíráàkì dọ́gba kí n tó lọ sóde

Ìyàwó ti ń jó wọlé láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì tò tẹ̀lé e ní ìlà méjì, nígbà tí mo fi orin ìdúpẹ́ kan bẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ohùn dùùrù nìkan ni ó wà lábẹ́ ohùn tèmi. Ó lọ geere. Ìgbà tí mo tẹ orin kejì lórí kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ yíwọ́: ìró náà bú jáde, páànù òrùlé ń gbọ̀n, ìyá àgbà kan tí wọ́n fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ spíkà ọwọ́ òsì fi ọwọ́ méjèèjì di etí, èmi sì ń la ẹnu lásán, nítorí kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí mo ń kọ. Ọmọkùnrin tí ó wà nídìí mísà, ẹ̀rọ tí a fi ń pa ìró pọ̀ tí a sì fi ń gbé e sókè sódò, sáré fà á wálẹ̀. Bí ó ti fà á wálẹ̀ tán ni orin kẹta wọlé, orin tí ó kún fún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti dùndún, àwọn oníjó sì dúró lójú agbo, wọ́n ń wo ojú mi, nítorí wọn kò gbọ́ ìlù tí wọn yóò gbé ẹsẹ̀ sí.

Ní Ìkẹ́rẹ́ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a parí, tí mo lọ bẹ ìyá àgbà náà pé kí wọ́n má bínú, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ àti ẹ̀rọ yẹn jà ni?"

Ẹ̀bi ọmọ tí ó wà nídìí mísà kọ́, tèmi ni. Orin àgbàsílẹ̀ tí àwa akọrin ń pè ní tíráàkì ni mo ń kọrin lé, nítorí owó tí ọ̀pọ̀ olóde ní agbègbè wa ń san kò tó kó onílù, onígìtá àti oníkíbọọ̀dù wá láti Adó. Èmi ni mo fi kíbọọ̀dù ṣe òmíràn nínú wọn, ọ̀rẹ́ ni ó bá mi ṣe òmíràn, mo sì ra àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú òde yẹn, mo ti fi Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ìró ṣe, mú kí ṣóńṣó gbogbo wọn, ibi tí ìró wọn ti ga jù, dé ibì kan náà, ìyẹn dẹ́síbẹ̀lì (ẹyọ tí a fi ń wọn ìró) 1 lábẹ́ òdo, nítorí òdo ni òpin ibi tí ìró lè dé nínú fáìlì kí ó tó máa fọ́. Mo lọ sùn, ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fi ṣóńṣó mú ìró dọ́gba kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi gíga òkè Olósùnta wọn gbogbo ilé tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́. Kì í ṣe ṣóńṣó ni etí ń kà; bí ìró ṣe kún tó láti ibì kan dé ibòmíràn ni. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti dùndún máa ń ta ṣóńṣó gíga tí kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, tí àlàfo sì máa ń wà láàrin ọ̀kan sí èkejì, nígbà tí kíbọọ̀dù àti gìtá inú orin kejì kún dẹ́nu bí iyán inú odó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Òṣùwọ̀n tí ó bá etí mu ni èyí tí wọ́n ń pè ní LUFS. Àjọ ITU, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, ni ó gbé ìlànà ìṣirò rẹ̀, BS.1770, jáde ní ọdún 2006, àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù sì fẹnu kò ní ọdún 2010 pé 23 lábẹ́ òdo ni àwọn yóò máa lò. Ìṣirò náà kì í ka bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wúwo, sí tó bí ó ṣe ń ka àwọn ohùn òkè sí, ó ń fo ibi tí orin ti dákẹ́, ó sì ń wọn àpapọ̀ ìyókù. Ìyàtọ̀ ẹyọ kan nínú rẹ̀ jẹ́ dẹ́síbẹ̀lì kan gan-an, nítorí náà àròpọ̀ àti àyọkúrò ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Nígbà tí mo délé tí mo wọ̀n wọ́n, orin kejì wà ní 11 lábẹ́ òdo, orin oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà ní 19. Ìyàtọ̀ 8 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ tí ó bá ti tó 10, etí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n gbé èyí tí ó kéré sókè, ṣùgbọ́n kò sí àyè: ṣóńṣó rẹ̀ ti wà ní 1 lábẹ́ òdo, bí mo bá sì fi 8 kún un, yóò fọ́ yángá. Èyí tí ó ń pariwo ni ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo fi gbogbo wọn sí 20: mo yọ 9 kúrò lára orin kejì, mo yọ 1 lára ti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn wá rẹlẹ̀ nínú fáìlì, ṣùgbọ́n mísà wà níbẹ̀ láti gbé wọn sókè pọ̀. Nínú Audacity, ibi tí wọ́n kọ Loudness Normalization sí ni mo ti ń ṣe é. Àwọn kan fẹ́ràn MP3Gain, ètò mìíràn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n dẹ́síbẹ̀lì 1.5 ni ìṣísẹ̀ rẹ̀, ìyẹn sì gùn jù fún mi.

Òṣùwọ̀n náà lè ṣini lọ́nà. Orin tí ó fi ìṣẹ́jú méjì rọra lọ kí ìlù tó wọlé yóò fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bo òpin rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà ibi ègbè, níbi tí gbogbo ohun èlò ti ń sọ̀rọ̀, nìkan ni mo ń wọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni mo ń gbé maikirofóònù, tí mo ń kọ ègbè orin kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ara wọn láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Èyí tí ó bá mú kí n fi agbára ké nínú wọn ń sọ̀kalẹ̀ sí i, ohun yòówù kí ẹ̀rọ kọ. Gbọ̀ngàn ìjọ wa ni mo ti ń ṣe é, ní ọ̀sán tí kò sí ènìyàn, kì í ṣe nínú yàrá mi, nítorí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Fletcher àti Munson, ti fi hàn láti ọdún 1933 pé bí ìró bá rẹlẹ̀, etí kì í gbọ́ bẹ́ẹ̀sì dáadáa. Orin méjì tí ó dọ́gba nínú yàrá lè yàtọ̀ níwájú spíkà ńlá, kí èyí tí bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wúwo gun èkejì lórí.

Àwọn onílù kò mọ ìyọnu yìí. Omele ń gbọ́ ìyáàlù, bí akọrin bá sì rẹ ohùn sílẹ̀, onílù á rọra fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ. Tíráàkì kò létí.

Okùn ẹyọ kan, tí ọwọ́ kan ṣoṣo nínú orin lè gbà kọjá, ni wọ́n sábà máa ń fún mi lóde, nítorí náà mo ń pa ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún orin pọ̀ di ọ̀kan nílé kí n tó wọ̀n ọ́n, kí gìtá tí ó wà lápá ọ̀tún má bàa sọnù. Mo sì máa ń bẹ ẹni tí ó wà nídìí mísà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi tíráàkì sílẹ̀ síbi tí ó wà, ohùn mi nìkan ni kí ẹ máa tọ́." Inú àwọn mìíràn kì í dùn sí i.

Orin kan ṣì ń bá mi fà á. Ọ̀rẹ́ mi tí ó ṣe é ti gé ṣóńṣó ìró rẹ̀ kúrò, ó sì gbé ìyókù sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wà ní 6 lábẹ́ òdo. Mo yọ 14, ó bá àwọn yòókù dọ́gba lójú òṣùwọ̀n, síbẹ̀ ìlù inú rẹ̀ ń dún bí ẹni tí ó ń lu tìmùtìmù, nítorí ṣóńṣó tí ó ti gé kúrò kò ṣeé dá padà. Mo ní kí ó wá èyí tí ó kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ fún mi. Ó ní inú kọ̀ǹpútà kan tí kò tàn mọ́ ni ó wà, ní Ọ̀yẹ́. Bí kò bá sí òde ní Sátidé, a ó jọ lọ wò ó.