Egbò náà jiná, mo bá ti káàdì bọ dúrọ́ọ̀

Àfín ni mí, aṣọ ni mò ń tà n'Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 34 ni mí nígbà tí egbò kan yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ mi tó kọ̀ tí kò jiná. Mo fi àdí àgbọn pa á títí. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ awọ ara ni. Wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n ní kí n máa padà wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Iléyá ti sún mọ́lé, ọjà ń tà, ojú àpá sì ń dán. Kí ni mo tún fẹ́ lọ tò fún láti aago méje àárọ̀?

Oṣù 11 gbáko ni mi ò fi débẹ̀. Onídìrí mi ló rí i, níbi tí ojú tèmi ò lè dé: "Àǹtí mi, kí ló ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja lẹ́yìn etí yín yìí?"

Òmíràn ni. Dókítà ní awọ tí oòrùn ti ń jó láti kékeré lè mú tuntun jáde níbikíbi. Mo ṣe bí ojú àpá nìkan ni wọ́n ń wò tẹ́lẹ̀. Àṣé gbogbo ara ni. Wọ́n tún ń fọwọ́ wá kókó lọ́rùn àti lábẹ́ àgbọ̀n, torí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ gbà tó bá fẹ́ rìn. Ọdún 2 àkọ́kọ́ ló sì máa ń padà jù. Kò sẹ́ni tó là á yé mi bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà ò béèrè.

Báyìí, mi ò kì í kúrò níbẹ̀ láìgba ọjọ́ tó kàn. Inú ìwé gbèsè ọjà mi ni mò ń kọ ọ́ sí, torí ìwé yẹn ni mi ò lè ṣe kí n má ṣí lójúmọ́. Lóṣooṣù, àbúrò mi á tan iná fóònù, á wo ẹ̀yìn mi, etí àti àtàrí. Ohun tó bá ṣàjèjì, á ya fọ́tò rẹ̀ ká lè fi wé ti oṣù tó ń bọ̀. Egbò tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ 4 tí kò jiná, mi ò ní dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Mo sì di èsì àyẹ̀wò mi sínú ọ̀rá, torí fáìlì mi ti sọnù lọ́wọ́ wọn rí.

Akẹtẹ̀ kì í kúrò lórí mi mọ́, kódà bí ojú ọ̀run bá ṣú. Wọ́n ń pè mí ní ìyàwó àgbẹ̀ lọ́jà. Mò ń jẹ́ ẹ.

Mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ó di oṣù mẹ́fà. Mo ti kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ìyá kan tó jẹ mí lówó àǹkárá.