Lẹ́yìn CS ní UK, ẹ má fi "a dúpẹ́" dá mídíwáìfù lóhùn

Ẹ̀yin ìyá ìkókó tó wà nílùú ọba, tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ (CS) gbẹ̀bí yín, ẹ kú ewu ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni pé tí wọ́n bá ti béèrè àlàáfíà, "a dúpẹ́" la máa sọ, kódà kí ojú iṣẹ́ abẹ máa ta èèyàn bí iná, àmọ́ mídíwáìfù níbí ò mọ̀ pé ìkíni lásán nìyẹn, ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu yín ló máa kọ sílẹ̀. Tó bá ní kẹ́ ẹ fún ìrora náà ní máàkì nínú 10, tó bá jẹ́ 8, ẹ sọ 8. Èmi sọ ọ́, wọ́n fi dihydrocodeine, oògùn ìrora tó lágbára, kún oògùn mi, mo sì lè dìde gbọ́mọ. Ìròyìn MBRRACE-UK, àwọn tó ń ṣèwádìí ikú ìyá àti ọmọ ní UK, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé obìnrin dúdú ń kú nídìí ọmọ bíbí níbí ju òyìnbó lọ, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń ké pé wọn kì í gbọ́ tiwa. Kí la wá ń pa ìrora mọ́ra sí?

Ẹ má dúró dìgbà tó bá le kẹ́ ẹ tó lo oògùn. Paracetamol oní-500mg, méjì méjì ni, lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kò gbọ́dọ̀ ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ibuprofen ní tiẹ̀, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó, tẹ́ ẹ bá sì ní ọgbẹ́ inú tàbí ikọ́ fée, ẹ sọ fún dókítà. Codeine táwọn ará ilé bá gbé bọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án tẹ́ ẹ bá ń fọ́mọ lọ́yàn, torí nínú ara àwọn kan, kíá ló ń di morphine, oògùn ìrora tó lágbára gan-an, á gba inú omi ọyàn lọ bá ọmọ, ó sì lè dí i lọ́wọ́ àtimí.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan rò pé CS ò ní ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní in o, torí ọgangan tí ibi ọmọ lẹ̀ mọ́ nínú ilé ọmọ, egbò ni. Á pupa, á wá máa ṣú, á máa dínkù, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tọ́mọ bá ń mu ọyàn, inú á run yín, ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ díẹ̀ sí i, ilé ọmọ ló ń sún kì. Páàdì ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má ki nǹkan kan sójú ara. Àmọ́ tí páàdì kan bá rin gbingbin láàárín wákàtí kan, tí dìdì ẹ̀jẹ̀ ńlá ń já bọ́, tó ń rùn, tàbí tí ibà àti òtútù mú yín, ẹ pe ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ bímọ sí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá ń ṣàn ṣùrùṣùrù tí òòyì ń kọ́ yín, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kẹ́ ẹ pè.

Màmá mi tó wá tọ́mọ ti gbé omi gbígbóná kaná, wọ́n fẹ́ fi táwẹ̀lì tẹ ikùn mi kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Lójú egbò tútù! Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí mídíwáìfù dé." Obìnrin náà ṣàlàyé, mo ń túmọ̀, ó ní ooru yẹn lè bó ara, títẹ̀ lè ya ojú abẹ, ilé ọmọ á sún kì fúnra rẹ̀. Mọ́mì gbà. Àwọn ló wá ń gbé gbogbo ohun tó bá ti wúwo ju ọmọ lọ, wọ́n ń se ọbẹ̀ ẹja tútù pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, tí aago oògùn bá sì ti dún, àwọn náà ló ń gbé omi wá.