Mo Sá fún Trump ní Houston, Ó Bá Mi Dé Alberta

Oṣù kejì ọdún 2025 ló yẹ kí n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Houston. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe àádọ́ta ọdún lásìkò Àjíǹde, a sì ti san owó aṣọ ẹbí, léèsì aláwọ̀ ewé pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ wúrà. Mo kàn ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la ni. Nígbà tó yá, mo sọ fún ìyàwó mi pé mi ò lọ mọ́.

Ká ní ẹ bi mí nígbà náà, màá ní ọ̀rọ̀ bodè ni. Ojoojúmọ́ ni ìròyìn ń gbé e pé wọ́n dá lágbájá dúró, wọ́n gba fóònù tàmẹ̀dù wò. Àwa tí a ní páálí Kánádà, ṣùgbọ́n tí orúkọ wa ò jọ ti Kánádà, a kì í fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣeré. Àmọ́ irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Họ́kì ló fà á.

Edmonton ní ìpínlẹ̀ Alberta ni mò ń gbé, ó di ọdún kẹsàn-án. Nílùú yìí, bí o ò bá mọ nǹkan kan nípa Oilers, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tiwa, o ò ní rí ọ̀rọ̀ bá àwọn ará ibi iṣẹ́ sọ láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹfà. Ọdún méjì àkọ́kọ́, mi ò tiẹ̀ rí rọ́bà dúdú tí wọ́n ń fi igi gbá yẹn. Àwọn géńdé tó ń já lu ara wọn lórí yìnyín nìkan ni mò ń rí. Ìgbà tó wá wọ̀ mí lára, ó wọ̀ mí dé eegun.

Ní oṣù kejì yẹn, Kánádà àti Amẹ́ríkà pàdé ní Montreal nínú ìdíje orílẹ̀-èdè mẹ́rin. Trump ti ń sọ ọ́ kiri pé Kánádà máa di ìpínlẹ̀ kọkànléláàádọ́ta, ó tún ní òun máa bu owó bodè lé ọjà wa. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà báyìí, àwọn èrò ìwòran hó lé e lórí. Ìdíje bẹ̀rẹ̀, a ò tíì ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ìjà ti bẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ gidi o, wọ́n ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Amẹ́ríkà ló jàre lọ́jọ́ náà, 3 sí 1. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni àṣekágbá ní Boston: 2 sí 2, ó di àfikún àkókò, ni Connor McDavid, kápútẹ́ẹ̀nì Oilers tiwa níbí, bá gbá a wọlé. Ariwo tí mo pa, aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn. Èmi ọmọ Abẹ́òkúta, tí mi ò lè fi bàtà yìnyín rìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta!

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn mi ò gbà á mọ́ kí n fowó mi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sọ́hùn-ún. Ìyàwó mi ní kí n tẹ̀ lé orí kunkun mi, ó kó àwọn ìbejì, wọ́n lọ. Ní pápákọ̀ òfurufú Edmonton níbí ni àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ti ń yẹ ìwé wò. Ọkùnrin náà bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ń lọ àti ọjọ́ tí wọ́n máa padà, ó kí wọn kú ọdún, ó tán. Wọ́n kó tówẹ́ẹ̀lì àti ife tí wọ́n tẹ fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi sí bọ̀ wálé fún mi. Àárọ̀ àárọ̀ tí mo bá fẹ́ mu tíì, ojú rẹ̀ ló máa ń wò mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó pè, gbólóhùn kan ló sọ. "Bàbá Ìbejì, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ò ń sá fún Trump, èmi ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ."

Alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ló balẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó mú: Oilers àti Florida Panthers ń gbá eré kẹrin nínú àṣekágbá ife Stanley, ife tó ga jù lọ nínú họ́kì níbí. Florida ti fi 3 sí òdo síwájú, àwọn wa lé e bá, wọ́n tún kọjá, Florida dá a padà sí 4 sí 4 nígbà tó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ní pápákọ̀, báàgì ń yí lórí bẹ́líìtì, ẹnì kan ò mú un, gbogbo wọn ti dojú kọ fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi yọ. Mo sáré pàdé wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kò tíì kúrò nílẹ̀ tí gbogbo ibẹ̀ fi búgbàù! Leon Draisaitl tiwa ti gbá a wọlé.

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun o," ni ẹ̀gbọ́n mi ń wí, wọ́n ń juwọ́ sáwọn èèyàn. Wọ́n rò pé ìdọ̀bálẹ̀ mi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Nígbà tí a jáde, oòrùn ṣì ń ràn, aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì ti kọjá. Wọ́n wo aago wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Banff, ìlú ìgbafẹ́ láàárín òkè, ni mo ti ṣèlérí pé màá mú wọn lọ. Mo wá rántí pé àwọn olórí G7, orílẹ̀-èdè olówó méje, ń bọ̀ ní Kananaskis, ẹ̀gbẹ́ Banff níbẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ọlọ́pàá ti kún ojú ọ̀nà, wọ́n ti ti àwọn ibi ìgbafẹ́ kan pa. Ta ló sì ń bọ̀? Trump fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì. "O ò wá a, ó wá ẹ wá!"

Mo ní kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ńláńlá ń pàdé níbẹ̀. Ní 2002, Ọbásanjọ́ tiwa wá sí Kananaskis yìí kan náà, òun àti Mbeki ti South Africa àti Wade ti Senegal, wọ́n wá bá àwọn olówó ayé sọ̀rọ̀ NEPAD, ètò ìdàgbàsókè Áfíríkà. "Ṣé wọ́n fún wọn lówó?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí. Mo yí ọ̀rọ̀ padà.

Ọ̀nà Jasper, ìlú orí òkè mìíràn, la wá gbà, bíi kìlómítà 360 sí ìwọ̀ oòrùn. Nílé epo kan lọ́nà, akẹ́rù kan lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ pé kí Alberta yapa kúrò lára Kánádà.

"Kí ló ń dun àwọn yẹn?"

"Owó epo rọ̀bì ni, Àǹtí. Wọ́n ní ilẹ̀ àwọn lepo ti ń jáde, ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa ló ń ná an."

"Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí mi."

Wọ́n wá bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú họ́kì. Mo ti ń retí ìyẹn. Mo sọ ìtàn Jarome Iginla: Edmonton ni wọ́n bí i sí ní 1977, bàbá rẹ̀ ọmọ Yorùbá, Adékúnlé wà nínú orúkọ rẹ̀. Ní Salt Lake City lọ́dún 2002, òun ló gbá méjì nínú góòlù márùn-ún tí Kánádà fi na Amẹ́ríkà gba wúrà Òlíńpíìkì. Ní Vancouver lọ́dún 2010, òun ló ti rọ́bà sí Sidney Crosby tó fi gbá ti àṣekágbá wọlé, Amẹ́ríkà náà ni wọ́n tún nà. (Calgary ló ṣe kápútẹ́ẹ̀nì fún o, ọ̀tá wa. Mo ti dárí jì í.)

"Dúró ná. Igi Ńlá ló ń jẹ́, igi ló sì ń fi gbá a?"

Ó tó bíi kìlómítà mẹ́wàá kí ẹ̀rín tó kúrò lẹ́nu wọn.

Nígbà tí a súnmọ́ Jasper, ọ̀rọ̀ tán. Iná igbó ọdún 2024 jó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilé ìlú náà. Lórí òkè, igi dúdú dúró lọ́gbọọgba bí ìṣáná tí wọ́n ti ṣá, àmọ́ nísàlẹ̀ wọn, òdòdó ti ń hù. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan èèpo igi kan, ọwọ́ wọn dúdú. Wọn ò nù ún títí a fi dé òtẹ́ẹ̀lì.

Níbẹ̀ la ti wo eré karùn-ún lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Florida nà wá, 5 sí 2. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi wọkọ̀ òfurufú padà sílé. Alẹ́ ọjọ́ náà ni Trump náà kúrò ní Kananaskis, kí ìpàdé tó parí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, eré kẹfà, 5 sí 1, ife lọ sí Florida, ọdún kejì léraléra.

Mo ṣì wà nínú òkùnkùn pálọ̀ nígbà tí ohùn wọn wọlé lórí WhatsApp. "Bàbá Ìbejì, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò." Ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà: "Ṣé ò ń bọ̀ ní Kérésì?"

Mo ti wo iye tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi.