Wọ́n Ní Torí Pé Ọmọ Nàìjíríà Ni Mí

Mo dé ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní England lọ́jọ́ Ajé, mo wo ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́, n kò rí orúkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Yàrá Kejìlá mọ́. Mo rò pé bàbá ti lọ síbi tí àgbà ń rè ni, mo ti ń sọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" lábẹ́ ahọ́n. Àṣé kò sóhun tó ṣe bàbá. Mánéjà ló pè mí sí ọ́fíìsì, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń gúnni lábẹ́rẹ́ ní ìlú yìí bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti gbé bàbá fún ẹlòmíì. Ó ní ọkọ bàbá tó ti kú ló wà nínú fọ́tò orí tábìlì yẹn, òun sì mọ̀ pé níbi tí mo ti wá, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ni mí lára.

Ta ló sọ fún un pé n kò mọ ẹni tó wà nínú fọ́tò? Èmi tí mò ń nù ún láràárọ̀! Bàbá ti ròyìn olóògbé fún mi débi pé mo mọ ẹja tí kì í jẹ. Nílé, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mí, àwọn ọmọ ń kúnlẹ̀ kí mi. Níhìn-ín, ìlédìí àgbàlagbà ni mò ń pààrọ̀, n kò sì ráhùn. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan wo páálí ìrìnnà mi, kó sì ti ibẹ̀ mọ ohun tó wà nínú mi, ìyẹn dùn mí dé eegun.

Mo lọ ka òfin wọn. Equality Act ti 2010 ka nǹkan mẹ́sàn-án tí wọn kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ rẹ́ èèyàn jẹ. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, oyún wà níbẹ̀, ẹ̀sìn, ẹ̀yà àti orílẹ̀-èdè ẹni, àti bóyá ọkùnrin ni ọkàn ẹni ń fà sí tàbí obìnrin. Òfin tó bo bàbá ló bo èmi náà. Mo kọ lẹ́tà sí mánéjà bí mo ṣe máa ń kọ kúẹ́rì fún tíṣà tó bá ń pẹ́ dé. Kò pẹ́ tí orúkọ mi fi padà síbi tó wà. Ó ní kí n má bínú. Mo ní kò sí wàhálà.

Wàhálà wà. Nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo bi ara mi pé irọ́ wo gan-an ni mánéjà yẹn pa mọ́ ìlú mi?

Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Nígbà tó jẹ́ ọ̀dọ́, ẹ̀wọ̀n ni fún ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọkùnrin níbí. Ó ní tí ọlọ́pàá bá mú ẹnì kan, lẹ́tà inú àpótí rẹ̀ ni wọ́n ń wá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí orúkọ àwọn yòókù. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ a ka lẹ́tà tán, wọ́n a dáná sun ún nínú síńkì. Ọdún 1967 ni òfin yí padà, ó sì kù díẹ̀ káàtó: England àti Wales nìkan, nínú yàrá tó ti pa, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ti pé mọ́kànlélógún. Scotland dúró di 1980. Northern Ireland dúró di 1982, lẹ́yìn tí ará ibẹ̀ kan ti gbé ìjọba lọ sí kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg. Ní 1988, ìjọba Thatcher tún ṣe òfin pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ "gbé ìfẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo lárugẹ." 2003 ni wọ́n tó pa á rẹ́ ní England. Àwọn tó ń wò wá bí ará oko nìyẹn o.

Bàbá ló bi mí bóyá mo mọ Justin Fashanu. John ni mo mọ̀. Justin ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ lọ́yà Nàìjíríà, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n rà ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, ní 1981. Nígbà tó jẹ́wọ́ ní 1990 pé ọkùnrin lòun ń fẹ́, òfin ti gbà á láyè láti ọdún mẹ́tàlélógún. Èèyàn ni kò gbà á. Ó kú ní 1998, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì.

Ẹ jẹ́ ká wá délé. Abala 214 nínú Criminal Code wa, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò pọ̀, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Samuel Griffith ló kọ ohun tí wọ́n dà á kọ láti inú rẹ̀, fún Queensland ní Ọsirélíà, ní 1899. Ìjọba amúnisìn gbé e wọ gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Queensland ti pa tiwọn rẹ́ ní 1990. Tiwa ń bẹ níbẹ̀, àwa la sì tún ń pariwo pé àṣà wa là ń dáàbò bò. Onílé kó jáde, ó fi ajá abunijẹ sílẹ̀ lágbàlá, a bẹ̀rẹ̀ sí í fún ajá lẹ́ran.

Torí pé a fún un lẹ́ran ni n kò ṣe lè di ẹ̀bi náà ru Griffith nìkan. Ní ọjọ́ keje oṣù kìíní 2014, Ààrẹ Jonathan buwọ́ lu òfin tí kò sí òyìnbó tó bá wa kọ ọ́: ọdún mẹ́rìnlá fún akọ tó bá bá akọ ṣègbéyàwó tàbí abo tó bá bá abo, ọdún mẹ́wàá fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú wọn sílẹ̀ tàbí tó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Nínú oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni wọ́n so ìgbéyàwó akọ sí akọ àkọ́kọ́ níbí. Ẹ rántí Ẹ̀gbẹ́dá ní Èkó, 2018? Ọkùnrin mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n torí òfin yìí gbé lọ sí kóòtù, wọ́n ti kọ́kọ́ tò wọ́n síwájú kámẹ́rà. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú sọ pé "they didn't caught me," gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ní oṣù kẹwàá 2020, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Agbẹjọ́rò ìjọba kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ta ló dá ojú àwọn ọmọ yẹn padà fún wọn?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ dé kóòtù. Ọlọ́pàá dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n ní kó ṣí fóònù. Wọ́n ka WhatsApp rẹ̀, wọ́n wo fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní àwọn á pe bàbá rẹ̀. Ìdí POS ni wọ́n mú un lọ, ó fa gbogbo owó tó ní yọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ abala òfin kankan. Wọ́n kò dá fóònù padà. Èmi nìkan ló sọ fún nínú ẹbí, ẹ má bi mí ìdí ẹ̀. Ẹ̀yin náà ní WhatsApp ẹbí.

Ó bi mí bóyá òun lè wá síbí. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ tọrọ ààbò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibí, kò sí fọ́ọ̀mù tó lè gbà láti Ìbàdàn. Mo ní kóòtù wọn tó ga jù ti sọ ní 2010, nínú ẹjọ́ ará Iran kan àti ará Kamẹrúùnù kan, pé wọn kò lè ní kéèyàn padà sílé lọ máa fi ara pamọ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi ọ́ pé ìgbà wo lo mọ̀, ta ló lè jẹ́rìí, lọ́yà á sì ní kó o mú ẹ̀rí wá: ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ síra yín, fọ́tò ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ ń fẹ́ra.

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé kí n padà lọ bẹ ọlọ́pàá yẹn pé kó fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi ni?"